Ewé Mẹ́ta Nínú Omi

Nígbà tí Hidayat parí opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹbí ọkọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní ní yàrá Àlájà, wọ́n pè é wọlé. Jummai, ẹ̀gbọ́n Abdulmuiz olóògbé, ló sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, o ṣe opó rẹ bó ti yẹ. Toyyib ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó lẹ́yìn Iléyá, yàrá Abdulmuiz ló máa gbé. Máa palẹ̀ mọ́."

"Huda ńkọ́?"

"Ọmọ wa ni Huda. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń dì kiri garéèjì."

Yàrá kan ṣoṣo tí àbúrò Hidayat ń gbé ní Ọ̀fà Garage ló ń tọ́ka sí. Hidayat ò sunkún lójú wọn. Ó ní ohun kan lòun fẹ́ mú lọ: díẹ̀ nínú òdòdó tí Abdulmuiz mú wálé lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, èyí tó ti fà bo ògiri ẹ̀yìnkùlé.

"Kó já a, kó máa lọ," ni Jummai wí.

Àlájà, ìyá ọkọ, kò tíì dá ìkíni Hidayat lóhùn látọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀. Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Kó já kí ni? Kó lọ pa á sọ́nà? Inú omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi í sí. Ọjọ́ tó bá ta gbòǹgbò ni kó gbé e, kó jáde nílé mi, kí n má rí ojú burúkú yẹn mọ́."

Jummai rẹ́rìn-ín. Ìkòkò òdòdó mẹ́jọ ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ Àlájà ni gbogbo wọn ti hù, kò sì sí èyí tó lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hidayat bá ìgò mẹ́ta lójú fèrèsé ilé ìdáná, ewé kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó rò ó lọ́kàn pé Jummai ò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó gé wọn.

Látìgbà náà, bó bá ti kírun àsùbáà, á gbé àwọn ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí nǹkan funfun nísàlẹ̀, á lọ jí Huda, á fi òrí pa á lẹ́sẹ̀; lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á di irun rẹ̀. Ibi irun dídì náà ló ti máa ń pẹ́ jù.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ewé tutù yọ̀yọ̀, gbòǹgbò ò sí.

"Abẹ lo fi ń gé e lóru," ni Jummai wí. "Ẹlẹ́tàn!"

"Wallahi, Àǹtí mi, mi ò fọwọ́ kàn án."

Jummai kó ìgò lọ sí yàrá tirẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìborùn. Ọ̀sẹ̀ méjì tún lọ, nǹkan ò yọ. Ó fìbínú kó wọn jáde.

"Àlájà, màá lọ ra èyí tó ti hù fún un, kó gbé e máa lọ!"

"Ti ọjà ni ọmọ mi gbìn?" Àlájà jágbe mọ́ ọn. "Ṣé kó lè máa ròyìn káàkiri Ìlọrin pé ayédèrú la fi lé òun jáde? Ohun tí mo wí ni mo wí." Ó yíjú sí Hidayat. "Kí lò ń wò? Lọ gbálẹ̀."

Jummai ti ìgò kan mọ́ Hidayat lọ́wọ́. "Gbé e tọ àwọn tó ń ta òdòdó ní Challenge. Bi wọ́n ohun tó ń ṣe é. Bó o bá purọ́ fún mi, màá mọ̀, torí èmi náà á lọ bi wọ́n."

Gàní tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì gbé ìgò náà sókè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ibo lẹ fẹ́ kí gbòǹgbò gbà yọ?" Ó fa ọ̀kan nínú tirẹ̀ jáde, ó fi èékánná kan ibi tó wú lára igi rẹ̀. "Oríkèé rèé, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Ewé lásán ni wọ́n gé fún yín. Ó lè wà nínú omi títí di ọdún tó ń bọ̀, á kàn máa tutù ni."

"Bí wọ́n bá gé e mọ́ oríkèé ńkọ́?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá péré."

Hidayat wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé ìgò lé itan. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni irun Huda tún máa tó dì.

Nígbà tó dé, Jummai dìde lọ́dẹ̀dẹ̀. Àlájà wà lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Kí ni wọ́n wí?"

Hidayat wolẹ̀. "Wọ́n ní a ò gé e dáadáa."

"Ìyẹn náà ni?" Jummai pàtẹ́wọ́, ó sáré wọlé, ó mú abẹ jáde. "Ọlọ́run ṣeun! Màá gé òmíràn báyìí-báyìí, kó jẹ́ kí n rójú."

"Jókòó, ọlọ́wọ́ líle," ni Àlájà wí láìwo ojú Hidayat, ó na ọwọ́ gba abẹ náà, "èmi ni mo gé ti àkọ́kọ́, èmi náà ni màá gé èyí."