Mìsítúrà Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

“Ẹ bá mi fi fóònù mi sí ṣáàjì,” ni Mìsítúrà sọ fún Kàbírù, ọkọ rẹ̀, kí wọ́n tó tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kàbírù ṣe bẹ́ẹ̀. Mìsítúrà ò jáde láàyè.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan tí wọ́n gbé lọ sójú òfuurufú, tó ń wá ìtànṣán gámà láti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán náà dé ilẹ̀. Bí ìràwọ̀ kan bá bẹ́, fóònù rẹ̀ á dún, á sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Fóònù náà ṣì ń dún nílé wọn ní Peckham, nílùú London.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá Mìsítúrà ní Ẹ̀pẹ́ ló ń ba Kàbírù lẹ́rù. Kò sẹ́ni níbẹ̀ tó mọ̀ pé ara Mìsítúrà ò yá rí. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, Kàbírù á pè wọ́n, Yaqub, àbúrò Mìsítúrà, á gbé e.

“Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí Mìsítúrà ńkọ́?”

“Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìràwọ̀ kan bẹ́ láàárọ̀.”

“Òmíràn? Àwọn ìràwọ̀ yìí ò kúkú níṣẹ́ míì.” Yaqub á rẹ́rìn-ín. “Kò burú. Kí wọ́n fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ wọn.”

“Màmá ńkọ́?”

“Wọ́n ń sùn.”

Ara Kàbírù á fúyẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Hàlímọ̀tù, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra, ò gbà. “Títí dìgbà wo, Bùrọ̀dá? Ẹ fẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò Walworth? Ohun tó máa pa wọ́n nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ lónìí, ẹ jọ̀ọ́.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Kàbírù dúró sẹ́nu fèrèsé, ó pè.

“Yaqub, jí Màmá fún mi. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá wọn sọ.”

Yaqub bèèrè pé, “Àǹtí Mìsítúrà wà nítòsí?”

“Rárá.”

“Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Yaqub sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti sin Màmá, kò kàn sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ fún Mìsítúrà. Kàbírù ò tíì jókòó, kò tíì kanlẹ̀kùn Hàlímọ̀tù, kò tíì sunkún, kò sì tíì bèèrè ta ló kọ́kọ́ lọ nínú ìyá àtọmọ.