Aránṣọ Tó Ní Kí Wọ́n Rán Ikùn Òun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì; ẹ kà á tán. Ìyàwó aránṣọ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fáwọn mọ̀lẹ́bí, lọ́dún kejì lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀.

1. Ìfun aránṣọ náà ló bẹ́, ikùn rẹ̀ kún fún ọyún. Dókítà là á, ó fọ inú rẹ̀, ó rán ẹran ìsàlẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ fi awọ òkè sílẹ̀ láìrán. Ó ṣàlàyé pé ìdọ̀tí tó kù gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde: kí wọ́n máa wá tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, bó bá mọ́ tán, òun yóò pa á dé. Ìyàwó gbọ́. Ọkọ gbọ́, kò wọ̀ ọ́ létí.

2. Nílé, gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń ṣí ikùn hàn. Ó ní òun kò gbé aṣọ fún oníbàárà láìrán etí rẹ̀ rí. Ó ní àfi bí òwú bá ti tán lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ní òun kò lọ sílé ìwòsàn mọ́. Ó na abẹ́rẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ.

"Bàbá wọn, ara èèyàn kì í ṣe aṣọ. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà."

"Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́? Rán an, ká mọ̀ bóyá mo kàn fàkókò ṣòfò ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Ó se abẹ́rẹ́ àti òwú nínú omi híhó, ó rán an; ọkọ fi eyín di aṣọ mú títí ó fi parí. Ó gún régé. Ọkọ yìn ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra.

3. Ọyún kò rọ́nà jáde mọ́. Ara ọkọ gbóná, ikùn le, awọ rẹ̀ ń dán. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun tú u. Ọkọ ní wọn kì í tú iṣẹ́ tó dára báyẹn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan já nínú rẹ̀, ó ṣubú.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà gé òwú náà. Ọyún ti jẹ gbogbo ohun tó rán nísàlẹ̀, ìfun ti yọ sábẹ́ awọ. Ibi tí ìyàwó rán nìkan ni kò já.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, dókítà. Ó ní kí n rán an."

Dókítà kò bú u. Ó sáré gbé ọkọ wọlé iṣẹ́ abẹ, ọkọ kò sì jí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọgbẹ́ tí dókítà bá fi sílẹ̀ láìrán, ó nídìí. Ẹ bi í ní ìdí rẹ̀. Ẹ má pa á dé fúnra yín. Bí ara bá sì gbóná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ sáré padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ni wọ́n sin aránṣọ. Ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.