Skúrù Kan Ti Tó

Egungun méjèèjì tó wà nínú apá ọkọ mi ti ṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò ṣẹ́.

Kápẹ́ńtà ni. Òun ló kan gbogbo àga ilé ìwòsàn yìí, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì mẹ́ta láàárọ̀ yìí.

Dókítà jókòó, ó na fọ́tò egungun sókè.

"Bàbá, a máa tẹ́ irin pẹlẹbẹ lé egungun kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi skúrù mẹ́fà-mẹ́fà dè é."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín.

"Mẹ́fà kẹ̀? Skúrù kan tó bá wọlé dáadáa ti tó! Ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí, ẹ kàn ń fi nǹkan ṣòfò."

"Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, egungun á máa yí lórí ẹ̀ bí ilẹ̀kùn ni. Bẹ́ ẹ bá ti yí ọwọ́ báyìí, á yẹ̀."

"Ta ló ń kọ́ ta níṣẹ́? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń de nǹkan pọ̀!"

Mo gbómi sẹ́nu. Ó ti kìlọ̀ fún mi nínú ọkọ̀ nípa ohun tí a máa sọ.

Dókítà mú bíírò. "Báwo lẹ ṣe ṣubú gan-an?"

"Balùwẹ̀ ni mo ti yọ̀."

Mo tu omi ẹnu mi dànù.

"Irọ́ ni, Dókítà. Àga tuntun tó kàn fún mi ló gùn, tó ń fò lórí ẹ̀ kí n lè rí i pé ó lágbára. Skúrù kọ̀ọ̀kan ló fi de ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní bóun ṣe kan tiyín náà nìyẹn."



Dókítà rọra dìde lórí àga rẹ̀.

Orí ìnàró ló wà tó fi kọ ìyókù.