Igbókọ̀yí

Àárọ̀ ọjọ́ náà la sin ìyá mi. N kò sunkún. Gbogbo ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Nírọ̀lẹ́, epo tán nínú ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ. Ọlọ́kadà lọ wá epo, ó fi èmi nìkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Ilẹ̀ ń ṣú. Àwọn ìrẹ̀ tó ń ké dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọbìnrin kékeré kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, jáde láti inú igbó. Kò kúnlẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ?"

Ó yẹ kó sọ pé "yín", ṣùgbọ́n n kò lágbára ìbáwí. "Igbókọ̀yí. Èmi nìkan ló ń jẹ́ ẹ nílùú wa."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Pé igbó kọ èyí. Àbíkú làwọn tí ìyá mi bí ṣáájú mi, inú igbó yìí ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Ó wá sọ mí bẹ́ẹ̀ kí igbó má baà gbà mí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Irọ́ ló pa fún ọ. Igbó ò kọ̀ ọ́ rí."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nílé yín nìyẹn?"

"Ta ni àgbà? Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Ìyá wa ló bẹ̀ wá pé ká fi ọ́ sílẹ̀ títí òun náà á fi dé."

Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ó dé láàárọ̀ yìí. Àbúrò, ó yá."

Mo dìde.