Ìyá Mọ́pẹ́ Ń Pè

“Máa lọ síbi bọ́ọ̀lù rẹ. Orí ló kàn ń fọ́ mi. Tí Mọ́mì bá pè, sọ fún wọn pé mo ń sùn.”

Mọ́pẹ́ fa aṣọ bojú. Esteban, ọkọ rẹ̀, mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde kúrò nílé wọn ní Fulshear, lókè òkun. Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé e sórí èjìká. Fóònù rẹ̀ wà nínú mọ́tò, ó ń dún.

Ìyá Mọ́pẹ́ máa ń pè láti Iléṣà ní gbogbo Sunday. Kò wá síbi ìgbéyàwó wọn. Ó ní òun ò lè fa ọmọ òun fún ará Paraguay tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ọdún yẹn gan-an ni orúnkún Esteban bàjẹ́, tó di kóòṣì. Ní báyìí, kò sí eré rẹ̀ tí ìyá kì í wò lórí fóònù.

“Kí ló dé tó o yọ nọ́ńbà seven?”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́, Mọ́mì.”

“Ìwọ ló rẹ̀. O ti rù. Ṣé Mọ́pẹ́ ò se oúnjẹ mọ́ ni?”

Esteban yí ojú fóònù sí ògiri.

“Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi?”

“Ó ń sùn, Mọ́mì.”

“Oorun wo nìyẹn? Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ ni. Èmi ni mo jẹ̀bi, màá bẹ̀ ẹ́.”

Esteban lọ bá Ládélé, ẹ̀gbọ́n Mọ́pẹ́, ní Sugar Land tí kò jìnnà sí wọn.

“Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn.”

“O ò gbọdọ̀. Nílé wa, àna kì í sọ irú ẹ̀ fún ìyá ìyàwó, ká má tíì wá sọ pé lórí fóònù. Àwọn àgbà ló máa jókòó tì wọ́n. Tí mo bá ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, a jọ máa lọ bá wọn.”

Esteban gbà. Bó ṣe tètè gbà yẹn tì í lójú.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Lagos ni ìyá ti pè. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo ti wà ní ẹ́apọ́ọ̀tù. Ládélé pàápàá ò mọ̀. Má sọ fún Mọ́pẹ́ o. Tó bá rí mi lójijì, ibo ló máa sá gbà?”

Lọ́jọ́ kejì, Esteban dúró níbi táwọn èrò ti ń jáde. Bàlúù ti balẹ̀.

Kò tíì pe Ládélé, kò tíì wá ọ̀rọ̀ tí ó máa fi pàdé ìyá, kò sì tíì padà síbi sàréè Mọ́pẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, lọ́sẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ.