Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Nídìí Kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, ọdún 2005, Nàfísàt gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlúpéjú-Èkìtì. Ó gbé e ka orí tábìlì ní pálọ̀, ó so okùn rẹ̀ mọ́ iná. Iléyá méjì ti kọjá tí kò wá sílé.

Bàbá rẹ̀, Ajíbádé, rọra jókòó, ó dẹ okùn ṣòkòtò rẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún un ní ọsibítù Ìdó. Ọkọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé ọjọ́ Mọ́ńdè lòun máa bẹ̀rẹ̀ ebè iṣu. Bí ojú abẹ náà bá fẹ́ là, kó là lóko.

"Bàbá, iṣẹ́ oyè mi ní yunifásítì Ìbàdàn ló wà nínú ẹ̀rọ yìí," Nàfísàt wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa fi ṣírò. Ẹ bá mi jókòó tì í."

"Èmi? Ṣé mo ti di ajá ìṣọ́ ni?"

"Ẹ gbọ́ ná."

Ó ṣàlàyé. Páìpù kan wà tí wọ́n fi èédú ṣe, tó tín-ín-rín débi pé irun orí kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ojú kò lè rí i, nítorí náà kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Bí omi iyọ̀ bá dé ẹnu rẹ̀, omi á tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ á dúró síta.

"Kí ló ṣe iyọ̀?"

"Iyọ̀ wọ agbádá omi, Bàbá. Bí kò bá bọ́ ọ, kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Kì í sì í fẹ́ bọ́ ọ."

"Olóríkunkun ni," Ajíbádé wí.

"Mo mọ ẹnì kan tó jọ ọ́," Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná.

Nàfísàt ní bí páìpù aláwọ̀ bá ti ń hù lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, kí bàbá tẹ bọ́tìnnì kan, kó fọwọ́ lẹ́rán, páìpù á tún jáde. Kó máa kọ àwọ̀ páìpù àkọ́kọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, oyè di ọdún tó ń bọ̀. Ó yọ fóònù kékeré kan.

"Màá máa pè yín nírọ̀lẹ́ kí n lè mọ bó ṣe ń lọ. Cháńjà rẹ̀ wà nínú báàgì mi ní yàrá yín."

"N kò ṣe. Oko ń dúró dè mí." Ajíbádé dìde. "Àkókò ìrun ti tó. N óò mú cháńjà rẹ bọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

"Ojoojúmọ́ lo ní wàá máa pè?"

"Ojoojúmọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Ìwé tí n óò máa kọ ọ́ sí dà?"

Ní Mọ́ńdè, Ọlátúnjí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà wá pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

"Ajíbádé, kí lò ń wò?"

"Omi."

"Omi dà?"

"Ó ń tò."

Ọlátúnjí wo páìpù pupa tó ń lọ́ mọ́ páìpù aláwọ̀ ewé títí oòrùn fi mú. "Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níta. Agbádá ni kò jẹ́ kó wọlé."

Lọ́jọ́ kejì, Ọlátúnjí gbé àga tirẹ̀ dání wá.

Nírọ̀lẹ́, Nàfísàt kì í béèrè àwọ̀ páìpù. Ohun tó máa ń béèrè ni bóyá bàbá gbé nǹkan wúwo. Ajíbádé á dáhùn, á béèrè ohun tí òun náà jẹ, ọ̀rọ̀ á sì máa gùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò sí iná fún ọjọ́ méjì. Ó ṣì jókòó síwájú ẹ̀rọ tó kú náà, fóònù lórí itan rẹ̀.

"Bàbá Nàfísàt, kí lẹ ń ṣọ́ báyìí?" Wúlẹ̀mọ̀tù bi í.

"Jẹ́ kí n gbọ́ etí mi."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, Nàfísàt ti Ìbàdàn dé, ó mú un lọ sí Ìdó. Ojú abẹ ti jinná. Bí Ajíbádé ṣe ń wọ bàtà nínú yàrá, Ṣadé, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, fa Nàfísàt sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọgbọ́n wo lẹ dá? Bàbá yìí ló ń bá dókítà jà nígbà tó ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!"

Nàfísàt rẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà náà kò ṣírò nǹkan kan. Àwòrán tó máa ń jáde bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Nínú ọkọ̀ Ìbàdàn ló tó ṣí ìwé tí bàbá rẹ̀ kọ. Pupa, ewé, pupa, búlúù, "kò sí iná" lẹ́ẹ̀mejì: ọjọ́ méjìlélógójì, kò fo ọ̀kan.

Lókè ojú ewé àkọ́kọ́, ṣáájú ọjọ́ kìíní, Ajíbádé ti kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Mo rí ìwé iṣẹ́ oyè rẹ nínú báàgì, o ti parí rẹ̀ láti oṣù kejì, ṣùgbọ́n o kì í pè wá tẹ́lẹ̀."