Ẹnu Ọ̀gá

Kò sí ẹni tó mọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì í rán tó obìnrin náà nílé iṣẹ́ aránṣọ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ìṣòro rẹ̀; akólòlò ni. Nígbà tí ipò olórí aránṣọ ṣófo, ó gbójú, ó lọ jókòó níwájú ọ̀gá àti igbákejì rẹ̀.

Ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀. Baba Dákẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Wọ́n ní àgbà tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í rojọ́ wótowòto. Igbákejì ni ẹnu rẹ̀, ẹnu ọ̀hún sì dùn bí oyin.

"Bí àwọn aránṣọ bá rán aṣọ lódì, kí lo máa ṣe?" ni igbákejì bi í.

"Màá... mà-mà-màá ní kí wọ́n... kí..."

"Kó o tó ní kí wọ́n dúró, wọ́n á ti rán an tán." Igbákejì rẹ́rìn-ín. "Àbí, ọ̀gá?"

Obìnrin náà yíjú sí ọ̀gá. Ó rò pé ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀ á ní sùúrù fún òun. Ọ̀gá wolẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, obìnrin náà àti ọ̀gá nìkan ló pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá dúró.

"Má... má-má... má bínú."

Obìnrin náà gbà pé ó ń sín òun jẹ ni. Wọ́n ti sín in jẹ níléèwé, wọ́n ti sín in jẹ nílé ọkọ, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó fi ipò du ẹni, tó tún wá ń sínni jẹ! Ó gba ọ̀dọ̀ ìyá tó ni ilé iṣẹ́ lọ. Ó pẹ́ kó tó rò ó tán, ìyá náà sì gbọ́ ọ dópin.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Igbákejì sáré dìde.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá ọ̀gá fèsì."

"Jókòó. Ẹnu tó fi sín ọmọlọ́mọ jẹ ni kó fi wí àwíjàre."

"Kó sọ ọ́! Kó sọ ọ́!" ni àwọn aránṣọ ń ké. Obìnrin náà ń bá wọn ké e, ọ̀rọ̀ náà kò sì há a lọ́fun rárá.

Ọ̀gá dìde, ó la ẹnu, kò sóhun tó jáde, ojú rẹ̀ dì, ó ń fọwọ́ lu itan, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, "Mi... mi-mi... mi...", títí wọ́n fi ń hó lé e lórí pé ó tún ti ń sínni jẹ, tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo èrò yẹn, obìnrin náà nìkan ló mọ̀ pé irú èyí kò ṣeé díbọ́n.